Nígbà tí Ilégbèé Akẹ́kọ̀ọ́ Jẹ́ Apá Kan Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1948, nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí ní Ìbàdàn lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó dá a sílẹ̀ kò ka ilégbèé akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi oorun lásán. Lẹ́yìn tí wọ́n kó kúrò ní Ẹlẹ́yẹlé lọ sí ibùdó tí yunifásítì náà wà lónìí, ilégbèé kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tó jẹ́ olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ rú lójú mọ ẹni tí yóò tọ̀ lọ. Orúkọ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ṣì wà lára ọ̀kan nínú àwọn ilégbèé náà.

Bí yunifásítì ti ń pọ̀ sí i ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi owó kún owó ibùgbé, ó sì fi kún owó oúnjẹ òòjọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá láti Èkó dé Zaria. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn.

Ìjà náà tọ́, nítorí ọmọ tí ebi ń pa kò lè kàwé. Àmọ́ láti ìgbà náà, owó àti iye bẹ́ẹ̀dì ló gba ẹnu ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè nípa ẹni tí yóò ran ọmọ lọ́wọ́ nídìí ìwé lálẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ìjọba tó bá fẹ́ tún ilégbèé ṣe kò gbọdọ̀ dúró lórí kíkun ògiri. Kí ó dá olùkọ́ padà síbẹ̀.