Ilé Ìwòsàn Wà, Olùtọ́jú Kò Sí: Ìtàn Kan fún Àwọn Ará Oko

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ti ọ̀ràn àìtó àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àwọn abúlé wa, ó yẹ kí a ṣe bí àgbà, kí a wo ẹ̀yìn, kí a lè mọ ohun tí ó gbé wa ṣubú.

Ẹni tí ó bá ti Adégbayì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, yà wọ inú oko lọ, yóò rí bí ọ̀ràn náà ti rí. Láti ìgbà àwọn baba wa ni ọmọ Ìbàdàn ti ní ilé méjì: agboolé nígboro, abà lóko. Nígboro ni ó ti ń ṣe ọdún àti ìnáwó. Lóko ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ti ń bímọ, tí àìsàn sì ti ń bá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá dé, ìgboro ni a kọ́ ọ sí. Ìgboro ni Adéọ̀yọ́ wà. Ìgboro náà ni ilé ìwòsàn Yunifásítì wà, èyí tí a ṣí ní 1957, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UCH. Aláìsàn oko ni a ń gbé tọ oníṣègùn lọ. Oníṣègùn kì í sábà tọ aláìsàn oko wá.

Ojú wa ti rí èyí. Ní òru ọjọ́ kan, a bá àwọn ará abúlé kan gbé aboyún tí ó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà nítòsí wọn. Ilé náà dára, ọ̀dà funfun ni a fi kùn ún, ṣùgbọ́n àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí a fi síbẹ̀ ti padà sí ìgboro láti ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí yàrá tí ó lè sùn sí. Kí a tó rí ọkọ̀ dé ìgboro, ọmọ ti kú sí ìyá rẹ̀ nínú. Ìyá nìkan ni Ọlọ́run dá sí. A kò lè dá agbẹ̀bí náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti òru náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé, kí ni ó ṣe tí ilé fi wà, tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀?

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìṣègùn òyìnbó wá sí ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ní nǹkan bí 1861 ni Dókítà Harrison, tí Ìjọ C.M.S. rán, dé Abẹ́òkúta. Kì í ṣe pé ó wo aláìsàn nìkan. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Nathaniel King, ọmọ Àlùfáà Thomas King tí ó bá Crowther ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Harrison kò pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ hù: King lọ sí London àti Edinburgh, ó di dókítà, ó sì padà wálé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Obadiah Johnson dé, àbúrò Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oguntola Sapara, tí ó bá àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà gidigidi.

Ní 1902 ni a ti ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó kó gbogbo dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, a ṣòfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Ẹ rò ó wò! Àwọn ọmọ onílé, tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí kan náà, di ẹni tí a lé sẹ́yìn. Ní nǹkan bí 1930 a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá, ṣùgbọ́n igbákejì dókítà ni a ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe dókítà pípé. Èyí sì dun àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ìgbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ni ọ̀nà tó là.

Síbẹ̀, bí dókítà ti ń pọ̀ nígboro, oko kò rí wọn. Ta ni ó wá kọ́ wa ní ọgbọ́n? Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ó rí i pé èéyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre ni ó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké, àti pé àìsàn tí a lè tètè dá dúró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó rí i pẹ̀lú pé dókítà kò lè kárí. Nítorí náà ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì fi dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ni ó ń wo ọmọ. Èyí tí ó bá le ni a ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. A ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, a sì ń fi àmì sí káàdì rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé. Bí ìlà inú káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bí kò bá gòkè mọ́, a ti mọ̀ kí àìsàn tó wọlé tán. Ikú ọmọdé dín kù púpọ̀ níbẹ̀, káàdì náà sì rìn káàkiri ayé.

Àwọn kan lè wí pé, Ṣé kì í ṣe ohun tí a kọ̀ ní Yábàá ni ẹ tún ń yìn yìí? Rárá o. Ní Yábàá, a gé ẹ̀kọ́ kúrú nítorí àwọ̀ ara akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìmẹ̀sí, a fi iṣẹ́ tí ó tọ́ sí nọ́ọ̀sì lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, a kọ́ ọ dáadáa, dókítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1963 Yunifásítì Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn: ó bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọn kí ó lè kọ́ àìsàn ará oko láàárín àwọn ará oko fúnra wọn. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti sì di mínísítà ìlera, láti 1985 títí dé 1992, ó fi ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ètò gbogbo, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ 52, ó sì gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé láyè.

Kí ni ó wá kù? Lónìí ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń kọjá sí Ìlú Òyìnbó, èyí tí ó ṣẹ́kù sì ń rọ́ sí ìgboro. Ìtàn ti fi hàn wá pé ilé nìkan kò tó. Ẹni tí yóò gbé oko ni kí a kọ́. Kí a kọ́ ọ nítòsí oko. Nígbà tí ó bá sì dé, kí ó bá yàrá, omi àti owó oṣù tí ń wọlé lásìkò. Bí yàrá kan bá ti wà lẹ́yìn ilé funfun yẹn ní òru ọjọ́ náà, bóyá ọmọ náà ì bá wà láyé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo kíláàsì yín. Ọmọbìnrin tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ agbẹ̀bí tí abà náà ń retí. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀nà oko.