Ynés Mexía: Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sáyẹ́ńsì lẹ́yìn ọdún 50, tó sì kó ewéko 145,000 jọ

Wọ́n ní ìgbà tí oníkálukú bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìgbé ayé Ynés Mexía mu gan-an. Obìnrin yìí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, ti pé ẹni ọdún 51 kó tó wọ Yunifásítì California ní Berkeley lọ́dún 1921. Láàárín ọdún 13 tó fi rin ìrìnàjò, ó kó nǹkan bí ewéko 145,000 jọ, láti Alaska títí dé ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Nínú wọn, nǹkan bí irú ewéko 500 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ńsì kò tíì kọ sílẹ̀ rí.

Ta ni Ynés Mexía?

Ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1870 ni wọ́n bí i ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Aṣojú ìjọba Mẹ́síkò ni bàbá rẹ̀, Enrique Mexía, níbẹ̀. Ọmọdé ló ṣì wà tí àwọn òbí rẹ̀ fi pínyà, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tó dàgbà, ó padà lọ bá bàbá rẹ̀ ní Mẹ́síkò, ibẹ̀ ló sì gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1904. Ó fẹ́ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò dúró, òwò adìyẹ tó dá sílẹ̀ náà sì dẹnu kọlẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá, ló bá lọ gba ìtọ́jú ní San Francisco. Ìlú yẹn náà ló ti di òṣìṣẹ́ tó ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe dé ìdí ewéko?

Ní California, ó dara pọ̀ mọ́ Sierra Club, ẹgbẹ́ tó máa ń kó àwọn èèyàn lọ rin orí òkè àti inú igbó. Ó tún ti ẹgbẹ́ Save the Redwoods League lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ yìí ló ń jà kí àwọn agégẹdú má baà gé gbogbo igi redwood tán, ìyẹn igi tó ga jùlọ lágbàáyé. Inú rírìn yìí ni ìfẹ́ ewéko ti wọ̀ ọ́ lára, ló bá gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Lọ́dún 1925, ó tẹ̀lé àwọn onímọ̀ ewéko láti Yunifásítì Stanford lọ sí Mẹ́síkò. Kò pẹ́ tó fi rí i pé òun máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tóun bá dá lọ, ló bá fi wọ́n sílẹ̀. Ó já bọ́ láti orí òkè, ó fi egungun ìhà ṣèṣe, ó sì fi ọwọ́ pa. Ìjàǹbá yẹn dá ìrìnàjò náà dúró, ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ti tún padà sí Mẹ́síkò.

Iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe pé kéèyàn kàn já ewé. Èèyàn máa mú ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, á tẹ́ ẹ sáàárín bébà, á fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì máa pààrọ̀ bébà náà títí ewéko yẹn á fi gbẹ. Nínú igbó tí òjò kì í dá, bí wọn ò bá tètè gbẹ ẹ́, á bu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti irú ilẹ̀ tó hù sí. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ yìí, ewé gbígbẹ lásán ni.

Mexía máa ń mú ju ẹyọ kan lọ nínú irú ewéko kọ̀ọ̀kan, á sì ta ìyókù fún àwọn ilé ìpamọ́ ewéko. Owó yẹn ló fi ń rìnrìn àjò. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 145,000 láàárín ọdún 13 lé ní 11,000 lọ́dún kan.

Láti Alaska dé odò Amazon

Lọ́dún 1928, ó ṣiṣẹ́ ní Alaska, níbi tí wọ́n ń pè ní Denali lónìí. Lọ́dún 1929, ó forí lé Bràsíl. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó tọ odò Amazon nǹkan bí 4,800 kìlómítà títí dé ẹsẹ̀ òkè Andes ní Pẹ́rù. Ọdún 1932 ló tó padà délé.

Nígbà yẹn, wọ́n gbà pé obìnrin kò gbọdọ̀ dá wọ irú igbó bẹ́ẹ̀. Mexía wọ ṣòkòtò, ó gẹṣin bí ọkùnrin, ó sì ń sùn níta gbangba. Àmọ́ kò dá nìkan ṣe é. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń tukọ̀, àwọn ló ń júwe ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ewéko tí sáyẹ́ńsì pè ní tuntun, wọn kì í ṣe tuntun lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní Ecuador, lára ohun tó wá ni igi cinchona, tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe kinín tó ń wo ibà, àti àwọn ewéko tó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ.

Kí ló fi sílẹ̀?

Ààrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní Berkeley lọ́jọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1938, lẹ́yìn tí àìsàn lé e padà láti Mẹ́síkò. Ẹni ọdún 68 ni. Kò gboyè yunifásítì rí, ṣùgbọ́n nǹkan bí irú ewéko 50 ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lára wọn Mimosa mexiae. Ó fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjì tó gbé e wọ inú igbó, Sierra Club àti Save the Redwoods League.

Àwọn ewéko rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìpamọ́ káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń hù níbì kan ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, kí igbó ibẹ̀ tó di oko tàbí kí ojú ọjọ́ tó yí padà, ibẹ̀ ló máa yẹ̀ wò.