Bí A Ṣe Ń Kọ́ Asẹ́ Ímeèlì Láti Dá Lẹ́tà Pàǹtí Mọ̀

Lẹ́tà pàǹtí ni ímeèlì tí a kò béèrè fún, ìbáà ṣe ìpolówó ọjà tàbí ti àwọn oníjìbìtì. Asẹ́ kan wà nínú ímeèlì tó ń yà á sọ́tọ̀ sínú fódà Spam. Ó ń wo bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ yọ sí nínú lẹ́tà pàǹtí àti nínú lẹ́tà gidi, ọgbọ́n tí Paul Graham jẹ́ kó gbajúmọ̀ ní ọdún 2002.

Àwa tí a ní ímeèlì ni olùkọ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà pàǹtí bá bọ́ sínú Inbox, ẹ má kàn pa á rẹ́. Ẹ tẹ “Report spam”. Bí lẹ́tà gidi bá há sínú Spam, bíi ti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó gba ọmọ yín wọlé, ẹ tẹ “Not spam”.

Ìhà méjèèjì ló ṣe pàtàkì. SpamAssassin kì í lo ẹ̀kọ́ yìí àfi tó bá ti rí lẹ́tà pàǹtí 200 àti lẹ́tà gidi 200.

Gmail máa ń pa ohun tó wà nínú Spam rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ máa yẹ fódà náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ líǹkì kankan níbẹ̀.