Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wà ní gúúsù Adó-Èkìtì, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ lára Oǹdó ní 1996. Ìlú olókè ni. Olósùnta àti Òròlé ni òkìkí wọn kàn jù nínú àwọn àpáta tó yí i ká, arìnrìn-àjò kò sì lè ṣe kó má rí wọn. Lójú ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Olósùnta kì í ṣe òkúta lásán. Òrìṣà ni, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀.

Oyè méjì ló so mọ́ ìtàn ìlú yìí. Àwọn àgbà a máa sọ pé Olúkẹ́rẹ́ ti wà níbẹ̀ kí Ògògà, ọdẹ kan tó ti apá Bìní wá, tó dé. Ìjọba wá bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ògògà, ìbọ Olósùnta sì kù sọ́wọ́ Olúkẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ta ló ṣe àgbà fún ta kò tíì tán nílẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ló gbé orúkọ Ìkẹ́rẹ́ ré òkun. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí ọ̀gá agbẹ́gilére yìí sí, Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé títí tó fi kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Lára rẹ̀, ọba kéré, ó jókòó sórí ìtẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀; olorì àgbà dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìtẹ́ náà. Ẹni tó bá ní Ọlọ́wẹ̀ fi ọba wọ́lẹ̀ kò mọ ìṣe ààfin: olorì yìí ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè.

Lára ìlẹ̀kùn, Ògògà jókòó ní apá kan pẹ̀lú adé rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀ bí ẹrù. Àlejò ló ń bọ̀ wá bá ọba, ọba kò mira. Ní 1924, wọ́n kó ìlẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á fún owó. Àga ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, Gẹ̀ẹ́sì ló jèrè.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ń fa èrò wá sí ìlú náà lóde òní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 ti di yunifásítì, orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà Oǹdó àtijọ́ láti 1992 sí 1993, ni wọ́n sì fi sọ ọ́.