Ọ̀rọ̀ Aṣínà fún Ètò Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń tan fúnra rẹ̀ bí àkókò tí a yàn fún un bá tó, bí irú èyí tó ń ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì pamọ́ lóru. Lórí Windows, Task Scheduler ló ń bójú tó wọn.

Kì í ṣe ètò náà ló ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí Windows ń béèrè, ẹni tí ètò náà ń jíṣẹ́ fún ló ni ín. Orúkọ àkáǹtì kan ni ètò kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́, àṣẹ tí ètò náà ní kò sì ju ti àkáǹtì yẹn lọ. Bí a bá ní kí ètò máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí oníàkáǹtì bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kò sí ìbéèrè. Àmọ́ bí a bá ní kí ètò máa ṣiṣẹ́ yálà onítọ̀hún wọlé tàbí kò wọlé, Windows yóò gba ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pamọ́, kó lè máa fi wọlé lórúkọ rẹ̀. PIN tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣí kọ̀ǹpútà kò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà láìtún un tẹ̀ fún Task Scheduler, ètò rẹ̀ yóò dákẹ́, kò sì ní kìlọ̀ fún un.

Àwọn kan kì í fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí àkáǹtì wọn rárá. Láti ìgbà Windows XP, tó jáde ní 2001, irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi wọlé àfi fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, nítorí náà iṣẹ́ òru kò ṣeé ṣe fún un. A lè ní kí Windows má tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ètò náà kò ní lè dé ibi fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Àwọn mìíràn a sá lọ sábẹ́ àkáǹtì SYSTEM, tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí a kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé fún ẹni tí a ní kó gbá yàrá kan.

Lórí Linux, cron, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Task Scheduler níbẹ̀, kì í béèrè, nítorí pé àṣẹ root, àkáǹtì ọ̀gá ẹ̀rọ, ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn. Sudo, tí ètò fi ń yá àṣẹ root lò, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. NOPASSWD nínú fáìlì sudoers ni oògùn rẹ̀; àṣẹ kan ṣoṣo tí ètò náà nílò ni kí a kọ ọ́ fún.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tún yàtọ̀. Task Scheduler kì í tan ètò tuntun bí ẹ̀rọ bá ń lo bátìrì, àyàfi tí a bá yọ àmì tó wà fún un ní abala Conditions kúrò. Kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀.