Ìná-àpà Ọba George Kẹrin àti Ogún tí Ó Fi Sílẹ̀

George Kẹrin, ẹni tí ó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1820 títí ó fi wàjà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1830, jẹ́ ọba tí ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ kà sí àpà, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ sì mọ iṣẹ́ ọnà tó dára ju ti ọ̀pọ̀ ọba ìgbà náà lọ. Ìwà méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí owó tí ó sọ ọ́ di onígbèsè náà ni ó kọ́ àwọn ilé tí ó sì ra àwọn àwòrán tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi àwọn mẹ̀kúnnù tí owó wọn san gbèsè náà léèrè.

Kí ó tó jọba, ó ti ṣe adelé, ìyẹn ẹni tí ń ṣàkóso dípò ọba, láti oṣù Kejì ọdún 1811, nítorí pé àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀, George Kẹta, lè ṣe ìjọba mọ́. Ìnáwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú èyí. Nígbà tí àrẹ̀mọ náà pé ọmọ ọdún 21 ní 1783, Ilé Aṣòfin gbé 60,000 pọ́n-ùn kalẹ̀ fún un, bàbá rẹ̀ sì ń fún un ní 50,000 lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n Carlton House, ilé tí ó ń tún ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ẹṣin, aṣọ, ọtí àti tẹ́tẹ́, gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ilé Aṣòfin san gbèsè rẹ̀ ní 1787. Nígbà tí yóò fi di 1795, gbèsè tuntun ti lé ní 600,000 pọ́n-ùn, ọ̀nà tí ó sì rí gbà jáde, kí wọ́n lè tún bá a san án, ni pé kí ó fẹ́ Caroline ti Brunswick, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Bẹ́ẹ̀, láti 1785 ni ó ti gbé Maria Fitzherbert, opó kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, níyàwó ní ìkọ̀kọ̀. Òfin 1772, tí ó ní kí ọmọ ọba gba àṣẹ ọba kí ó tó gbéyàwó, ni kò jẹ́ kí ìgbéyàwó náà fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti hàn jùlọ ni Brighton, ìlú etí òkun kan ní gúúsù, níbi tí ilé kékeré kan ti di ààfin tí a mọ̀ sí Royal Pavilion. John Nash, ayàwòrán-ilé tí ó fẹ́ràn jùlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní 1815. Lóde, òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì-rìbìtì, pẹ̀lú àwọn ilé-ìṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti àwọn ààfin Íńdíà. Nínú, Frederick Crace àti Robert Jones fi iṣẹ́ ọnà tí wọ́n wò láti ara ti Ṣáínà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọba fúnra rẹ̀ kò fojú kan ilẹ̀ méjèèjì rí. Nínú gbọ̀ngàn àsè, dírágónì kan ni ó gbé fìtílà ńlá tí ó wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan rọ̀ sórí tábìlì. Ilé ìdáná kò gbẹ́yìn: wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi bàbà rọ dé àwọn òpó irin rẹ̀ lórí, níbẹ̀ sì ni Carême, alásè ará Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù, ti se oúnjẹ tí oríṣi rẹ̀ lé ní 100 fún àsè alẹ́ kan ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1817. Ìkórè ọdún tí ó ṣáájú ti bàjẹ́, búrẹ́dì sì ti gbówó lórí. Ó ṣòro láti ka ìtàn àsè náà kí èyí má dun ènìyàn.

Ìwúyè rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1821 ná ìjọba ní nǹkan bí 240,000 pọ́n-ùn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey mọ́ Caroline, tí òfin kà sí ayaba, lójú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí obìnrin náà fi kú. Ìwà ìkà gbáà ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn náà, ẹwà ayẹyẹ náà kò sì lè bò ó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọba lọ sí Edinburgh, ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí ọba orí ìtẹ́ ṣe sí Skọ́tíláǹdì láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Òǹkọ̀wé Walter Scott ni ó ṣètò rẹ̀, ọba sì wọ kílíìtì, aṣọ onílà tí àwọn ọkùnrin apá òkè ilẹ̀ náà ń ró mọ́ ìdí, tí òfin kà léèwọ̀ fún wọn láti 1746 di 1782. Láti ìgbà náà ni aṣọ àwọn ará òkè ti ń di aṣọ ìdánimọ̀ gbogbo ilẹ̀ náà.

Ní ti àwòrán àti ohun ọ̀ṣọ́, ó ra iṣẹ́ Rembrandt, ó sì kó àwo tánganran Sèvres jọ, pàápàá lẹ́yìn tí ìdìtẹ̀ 1789 ti mú kí ohun ìní àwọn ọlọ́lá Faransé di títà. Ní 1823, ó fi ibi ìkówèésí bàbá rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ lé ní 60,000, fún orílẹ̀-èdè. Ó sì wà lára àwọn tí ó fẹ́ kí ìjọba ra àwòrán 38 ti oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Angerstein ní 1824, èyí tí ó bí ilé àwòrán National Gallery.

Ààfin Buckingham, tí Nash bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́ fún un ní 1825, kò parí lójú ayé rẹ̀. Wọ́n lé Nash kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí owó púpọ̀ tí iṣẹ́ náà ti gbé mì, Victoria sì ni ọba àkọ́kọ́ tí ó gbé ibẹ̀. Ọba obìnrin yìí kò fẹ́ràn Brighton, ó sì ta Pavilion fún ìlú náà ní 1850, àwọn ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àwọn iyàrá tí ọba kan kọ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní 1914, wọ́n sọ ààfin náà di ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ ogun Íńdíà tí wọ́n fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní Faransé.