Herbert Macaulay: Olùdámọ̀ràn Ìdílé Dòsùnmú àti Ohùn Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń gbẹnu sọ fún ọba tàbí fún ìlú gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ, kí ó sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó gbé mì. Bóyá ni a lè rí ẹni tí ìtàn ayé rẹ̀ dán òwe yìí wò ní Èkó tó Herbert Macaulay, olùdámọ̀ràn ìdílé Ọba Dòsùnmú, ẹni tí ó fi kálàmù rẹ̀ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún ìgbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ọdún. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: ṣé olùdámọ̀ràn yìí gbe ọba rẹ̀ ni, tàbí ó kó o sí wàhálà?

A bí Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864, nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Láti 1890 sí 1893 ó wà ní Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ó padà dé, ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba ní Èkó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì ń dá iṣẹ́ awọnlẹ̀ ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ti fi okùn wọn ilẹ̀ Èkó mọ ibi tí ààlà ìdílé kọ̀ọ̀kan wà, ó sì mọ bí ìwé ìjọba ṣe ń sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ti ìjọba.

Ní 1908 ni òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí olùtú-àṣírí ìjọba, nígbà tí ó tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí bí a ṣe ń ná owó ojú irin lábẹ́ Gómìnà Egerton. Ní àkókò náà gan-an ni ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó wí pé kànga àwọn kò gbẹ, pé àwọn òyìnbó ni omi náà wà fún, nítorí náà kí ẹni tí yóò mu omi san owó omi. Macaulay sọ ọ̀rọ̀ wọn di èdè Gẹ̀ẹ́sì tí gómìnà kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 1913 ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ṣi owó ogún tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lò, a sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó so ó mọ́ Ìgá Ìdúngànrán pinpin. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, èyí tí ó wà lábẹ́ Àmọ́dù Tìjánì, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ó ni ilẹ̀ Èkó. Àwọn ilé-ẹjọ́ ibí wí pé ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni Olóyè Olúwa ní ẹ̀tọ́ sí, pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920 Macaulay bá Olóyè Olúwa wọkọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbifọ̀ rẹ̀. Ní 1921 ìdájọ́ jáde, Lord Haldane ni ó kà á: ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú, olóyè sì ń ṣe àmójútó rẹ̀ fún wọn. Owó tí ìjọba san nígbẹ̀yìn jẹ́ £22,500. Títí di òní, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá délé-ẹjọ́.

Síbẹ̀, inú ìrìn-àjò kan náà ni ìyọnu ti yọ. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣúgbàyí, Elékòó, wà lọ́wọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Macaulay sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé àìmọye mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà ni ó ka Elékòó sí ọba wọn, àti pé ìjọba kò mú ìlérí tí ó ṣe fún ìdílé Dòsùnmú ṣẹ. Inú bí àwọn aláṣẹ ní Èkó. Wọ́n ní kí Ọba kéde pé òun kò rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba gbà láti sọ pé òun kò pàṣẹ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti rán akéde kí ó lu agogo yí ìlú ká láti dójú ti ìránṣẹ́ òun. Nítorí èyí, ní oṣù Kejìlá 1920, ìjọba kò kà á sí Elékòó mọ́. Ẹ wo bí òwe náà ṣe yí padà: iṣẹ́ tí a fi rán Macaulay kò tó bí ó ṣe jẹ́ ẹ, ọba ni ó sì san gbèsè rẹ̀.

Ní 1925 wọ́n lé Èṣúgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akítóyè sórí oyè. Macaulay kò sá. Ó ń fi ìwé ìròyìn Lagos Daily News pariwo lójoojúmọ́, ẹjọ́ sì ń lọ láti ilé-ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́. Ní 1928, ìwé ìròyìn náà tẹ àhesọ kan jáde pé a fẹ́ pa Ọba tí a lé kúrò. Oṣù mẹ́fà ni Macaulay fi ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ní 1931 Privy Council, láti ẹnu Lord Atkin, wí pé aláṣẹ kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira ènìyàn àfi bí òfin bá fún un láyè, àti pé ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún náà, lábẹ́ Gómìnà Cameron, Èṣúgbàyí padà sí Èkó. Ó wàjà ní 1932.

Láàárín ìjà yìí ni Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 1923, lẹ́yìn tí òfin Gómìnà Clifford fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọkùnrin tí owó rẹ̀ tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Nítorí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè du ipò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1923, 1928 àti 1933. Àwọn tí kò ní ìbò ni agbára rẹ̀: àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn ìyálọ́jà tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ṣe olórí wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Sir Kitoyi Ajasa àti Henry Carr kò fara mọ́ ọn. Wọ́n gbà pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, pé ariwo a máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Elékòó fi hàn pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òfo pátápátá.

Ní 1938 àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement gba ìjókòó Èkó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ìgá àti ti mọ́ṣáláṣí ti gba ọkàn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ gbogbo Nàìjíríà lọ. Ní 1944, ó di ààrẹ N.C.N.C., Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Nínú ìrìn-àjò ẹgbẹ́ náà ni àìsàn ti kọlù ú ní Kánò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1946. Ní 1979 a fi àwòrán rẹ̀ sí owó náírà kan.

Kí ni ìdájọ́ wa? Ọ̀rọ̀ ẹnu Macaulay ni ó lé ọba kúrò ní ìjókòó. Ìforítì rẹ̀ wà lára ohun tí ó dá a padà. Ṣùgbọ́n ohun tí Èṣúgbàyí ṣe náà kò yẹ kí ó sá pamọ́ fún wa. Ọba yẹn lè fi ìlù agogo kan ra oyè rẹ̀ padà, kò sì ṣe é. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí, kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè: kí ni olùdámọ̀ràn jẹ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kí sì ni ẹni tí ó ránṣẹ́ jẹ ìránṣẹ́ rẹ̀? Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láàárín 1920 àti 1931, àwọn méjèèjì san gbèsè náà.